Orí Kẹfà: Bí A Ti Ń Wá Pápá Iná Yí Ìkarahun Irin Roboto Ká

Ní Ẹdẹ Màpó Arógun, níbi tí Tìmì Àgbàlé Ọlọ́fà-iná tẹ̀dó sí nígbà tí Ṣàngó Olúkòso, ọkọ Ọya, rán an láti Ọ̀yọ́ Ilé kí ó wá máa ṣọ́ ẹnu ààlà, kò sí ọmọ tí a óò ṣẹ̀ṣẹ̀ máa kọ́ pé mànàmáná kì í ṣe ohun àfojúdi. Ọmọdé tí kò tíì lè kọ orúkọ baba rẹ̀ ti mọ̀ pé nígbà tí ojú ọ̀run bá ṣú, tí ààrá sì bẹ̀rẹ̀ sí í sán láti apá odò Ọ̀ṣun, a kì í sá sábẹ́ igi, a kì í sì í gbé irin dání láàárín pápá. Ṣùgbọ́n bí o bá bi ọ̀pọ̀ àgbà léèrè ìdí tí ẹni tó jókòó sínú mọ́tò onírin, tó ti ilẹ̀kùn àti fèrèsé rẹ̀ pa, fi máa ń bọ́ nínú ewu náà, wọn a ní táyà ni ó gbà á, nítorí rọ́bà kì í jẹ́ kí iná kọjá. Ọ̀rọ̀ kò rí bẹ́ẹ̀. Iná tí ó ti la òfurufú já láti inú ìkúùkù dé ilẹ̀, kí ni rọ́bà tí kò ga ju ẹsẹ̀ bàtà kan lọ yóò fi ṣe é? Irin ara mọ́tò náà ni ó gba ènìyàn là, nítorí pé òde irin ni iná ń gbà lọ sílẹ̀, tí inú kò sì mọ̀ sí i. Ẹni tí ó wà lórí ọ̀kadà, tàbí nínú kẹ̀kẹ́ tí tapólì ni òrùlé rẹ̀, kò ní irú ààbò bẹ́ẹ̀. Bẹ́ẹ̀ ni ilé tí a fi pánù bò lórí nìkan kò tíì di ilé tí irin yí ká.

Ìdí tí òde irin fi ń gba ìyà tí inú rẹ̀ kò jẹ ni orí ìwé yìí dá lé, mo sì kọ ọ́ fún akẹ́kọ̀ọ́ tí ó ń bẹ ní ọdún kìn-ín-ní rẹ̀ ní Federal Polytechnic Ẹdẹ, tí ìjọba dá sílẹ̀ ní 1992, tàbí ní Redeemer's University, tàbí ní Adeleke University, àti fún ẹnikẹ́ni tí wọ́n bá ti gbé ìbéèrè ìkarahun irin méjì kan sí iwájú rẹ̀ rí, tí orí rẹ̀ sì dàrú. Ohun tí mo ní í sọ kò pọ̀: kí o tó kọ nọ́ńbà kankan sílẹ̀, kọ́kọ́ wádìí ibi tí ṣáàjì jókòó sí. Àwọn tí ó ń kùnà nínú iṣẹ́ yìí kì í sábà kùnà nítorí pé wọn kò mọ fọ́múlà. Wọ́n mọ̀ ọ́n lórí bí ẹni mọ orúkọ ara rẹ̀, ṣùgbọ́n wọ́n ti kánjú lò ó kí wọ́n tó mọ iye ṣáàjì tó yẹ kí wọ́n fi sínú rẹ̀. Ojú tó bá farabalẹ̀ ni ó ń rí imú.

Ṣáàjì ni ẹrù iná tó wà lára nǹkan. Ó ní alámì àròpọ̀, ó ní alámì àyọkúrò. Irú kan náà a máa ti ara wọn, irú tó yàtọ̀ a sì máa fa ara wọn. Kúlọ́ọ̀mù ni a fi ń wọ̀n ọ́n, ṣùgbọ́n kúlọ́ọ̀mù kan ti tóbi jù fún iṣẹ́ orí tábìlì, nítorí náà nánókúlọ́ọ̀mù, tí í ṣe ìdá kan nínú bílíọ̀nù kúlọ́ọ̀mù, ni a ó lò, tí a ó sì máa kọ ní nC. Pápá iná ní ibì kan ni agbára tí ibẹ̀ yóò fi ti ṣáàjì alámì àròpọ̀ tàbí fà á, bí a bá ṣírò rẹ̀ fún kúlọ́ọ̀mù kan. N/C ni òṣùwọ̀n rẹ̀. Pápá a máa kọrí síta láti ara alámì àròpọ̀, a sì máa kọrí wọlé sára alámì àyọkúrò. Ìkarahun tí mo ń wí ni bọ́ọ̀lù irin tí inú rẹ̀ ṣófo. Ó lè fẹ́lẹ́ bí bébà, ó sì lè nípọn. Bí ó bá nípọn, ojú méjì ni ó ní, ojú inú àti ojú ìta, a kò sì gbọ́dọ̀ gbàgbé ìkankan nínú àwọn méjèèjì.

Ohun tí irin fi yàtọ̀ sí gíláàsì tàbí rọ́bà ni pé nínú irin, ẹlẹ́kítírọ́ọ̀nù àìníye wà tí kò so mọ́ ojú kan, tí wọ́n ń rìn bí ó ti wù wọ́n. Bí pápá iná bá wọ inú irin, àwọn wọ̀nyí yóò sún. Wọn kò sì ní í sinmi títí wọn yóò fi to ara wọn ní ọ̀nà tí pápá tí àwọn fúnra wọn dá sílẹ̀ yóò fi pa èyí tó ń dà wọ́n láàmú rẹ́ pátápátá. Nítorí náà, nígbà tí gbogbo nǹkan bá ti dákẹ́, pápá iná nínú ara irin jẹ́ òdo. Ara irin ni mo wí, ìyẹn ibi tí irin wà gan-an, láàárín ojú inú àti ojú ìta; n kò tíì wí nípa ihò tí irin náà yí ká. Ẹni tí ó bá da méjèèjì pọ̀ yóò kọ òdo sí ibi tí òdo kò sí. Ihò tí kò sí ṣáàjì kankan nínú rẹ̀ ni pápá rẹ̀ jẹ́ òdo; bí a bá gbé ṣáàjì sínú ihò, pápá yóò wà níbẹ̀, ṣùgbọ́n inú ara irin yóò ṣì jẹ́ òdo síbẹ̀.

Àwọn tí ó kọ́kọ́ rí ọ̀rọ̀ yìí kò ní ju ohun èlò ilé lọ. Ní 1755 Benjamin Franklin ti Amẹ́ríkà fi okùn ṣẹ́dà so kọ́ọ̀kì kékeré kan, ó sọ ọ́ sínú ife fàdákà tí ó ti fún ní ṣáàjì, ó sì rí i pé inú ife náà kò fa kọ́ọ̀kì, bẹ́ẹ̀ òde rẹ̀ ń fà á. Joseph Priestley gbọ́, ó rò ó jinlẹ̀, ó sì sọ ní 1767 pé bí inú kò bá ní agbára, a jẹ́ pé bí jíjìnnà bá di ìlọ́po méjì, agbára iná yóò dín kù di ìdá mẹ́rin, gẹ́gẹ́ bí òfin tí ó mú ilẹ̀ ayé mọ́ oòrùn. Henry Cavendish fi bọ́ọ̀lù irin dán an wò ní nǹkan bí 1773, ó sì rí i bẹ́ẹ̀, ṣùgbọ́n ó pa á mọ́ sínú àpótí rẹ̀. Nígbà tí Charles Coulomb ti ilẹ̀ Faransé sì fi tirẹ̀ hàn ní 1785, orúkọ Coulomb ni ayé mú. Ẹni tí ó ṣiṣẹ́ tí kò wí, ẹlòmíràn ni a óò fi joyè.

Ẹni tí ó ṣe é dé òpin ni Michael Faraday, ọmọ alágbẹ̀dẹ, tí a bí ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì ní 1791. Inú àwọn ọmọ Ògún yẹ kí ó dùn láti gbọ́ bẹ́ẹ̀. Ní ìbẹ̀rẹ̀ 1836 ó kan yàrá kan tí ó jẹ́ ẹsẹ̀ bàtà 12 ní òró, ní ìbú àti ní gíga, ó fi wáyà àti bébà tánganran bò ó, ó gbé e kúrò lórí ilẹ̀ kí iná má baà sá lọ, ó sì fi ẹ̀rọ ńlá rọ ṣáàjì sí i lára títí iná fi ń ta pàrà ní etí rẹ̀. Lẹ́yìn náà ó wọ inú rẹ̀ lọ, pẹ̀lú àbẹ́là títàn àti ẹ̀rọ tí a fi ń mọ̀ bí iná bá wà. Kò rí nǹkan kan. Ọkùnrin náà jókòó sí àárín ohun tí ó lè pa ènìyàn lóde, àbẹ́là rẹ̀ kò sì mì.

Ìwọ náà lè rí i nínú ilé rẹ, kò ní náwó. Ṣùgbọ́n dúró di ìgbà ọyẹ́, ní oṣù Dìsẹ́ńbà tàbí Jánúárì, nígbà tí ètè ń sán, tí aṣọ sì ń ta pàrà bí a bá ń bọ́ ọ lálẹ́. Ní ìgbà òjò, omi tó wà nínú afẹ́fẹ́ Ẹdẹ kò ní jẹ́ kí ṣáàjì dúró fún ìṣẹ́jú kan. Wá agolo mílíìkì tó ga díẹ̀, yọ ìdérí rẹ̀, fọ̀ ọ́, kí o sì sá a sí oòrùn kí ó gbẹ dáadáa. Gbé e lé orí ife oníke gbígbẹ kan. Gé bébà fàdákà inú páálí sìgá sí ọ̀já tẹ́ẹ́rẹ́ méjì. Fi gọ́ọ̀mù díẹ̀ lẹ orí ọ̀kan mọ́ ara agolo lóde, kí ìdí rẹ̀ máa rọ̀, kí o sì lẹ ìkejì mọ́ ara agolo nínú, nísàlẹ̀, jìnnà sí ẹnu. Nísinsìnyí, mú páìpù oníke, irú èyí tí àwọn púlọ́ńbà ń lò, fi aṣọ òtútù onírun ra á kíkankíkan, kí o sì fi gbogbo gígùn rẹ̀ ha etí agolo náà. Tún un ṣe ní ẹ̀ẹ̀mẹrin tàbí ẹ̀ẹ̀márùn-ún. Ọ̀já òde yóò gbé ìdí rẹ̀ sókè, yóò sì dúró gbọn-in kúrò lára agolo. Yẹjú wo inú: ọ̀já inú lẹ̀ mọ́ ibi tí o fi í sí, kò mira. Bí o bá fi ìka kan agolo náà, ọ̀já òde yóò wálẹ̀ wọ̀ọ̀, nítorí ṣáàjì ti gba ara rẹ lọ sílẹ̀. Rántí pé agolo kì í ṣe ìkarahun tí ó pé, ẹnu rẹ̀ là. Ìdí nìyí tí mo fi ní kí o lẹ ọ̀já inú jìnnà sí ẹnu.

Ó wá ku ìṣirò. Òfin tí a ó lò ni èyí tí Carl Friedrich Gauss ti Jámánì gbé kalẹ̀ ní 1835. Ní ayé àwọn baba wa, oníbodè kì í wọ ilé onílé lọ tú ẹrù. Ẹnu bodè ni ó jókòó sí, ohun tí ó ń gba ọ̀dọ̀ rẹ̀ jáde àti èyí tí ó ń wọlé ni ó fi mọ bí ọjà inú ìlú ti tó. Bẹ́ẹ̀ gan-an ni Gauss ṣe sí ṣáàjì: fi ọkàn rẹ ya bọ́ọ̀lù kan yí ibi tí o ń wádìí ká, ka pápá iná tó ń gba ara bọ́ọ̀lù náà jáde, iye rẹ̀ yóò sì sọ àpapọ̀ ṣáàjì tó wà nínú rẹ̀ fún ọ, ì báà jẹ́ pé o kò rí i. Ṣáàjì tó wà lẹ́yìn odi, ohun tí ó bá rán wọlé ní apá kan, yóò bá apá kejì jáde. Kò kún àpapọ̀, kò sì dín in kù.

Níbi tí ohun gbogbo bá rí roboto, tí ọ̀kan náà sì ni àárín gbogbo wọn, òfin yìí rọrùn dé ibi pé ìlà kan ṣoṣo ni ó kù:

E = kQ ÷ r²

E ni pápá iná, r ni jíjìnnà láti àárín gbùngbùn dé ibi tí a ń wádìí, Q sì ni àpapọ̀ ṣáàjì tó wà nínú bọ́ọ̀lù àfọkànyà nìkan. Iye k jẹ́ 9 × 10⁹; bí o bá fi nC kọ Q, tí o sì fi mítà kọ r, òdo mẹ́sàn-án ibẹ̀ àti ìdá bílíọ̀nù yóò pa ara wọn rẹ́, ohun tí yóò kù ni E = 9Q ÷ r². Má ṣe gbàgbé láti sọ sẹ̀ǹtímítà di mítà kí o tó sọ r di r². Ibẹ̀ ni ọ̀pọ̀ máàkì ń ṣòfò sí.

Mú ìkarahun kan tí rédíọ́ọ̀sì rẹ̀, ìyẹn láti àárín dé ara rẹ̀, jẹ́ 10 cm, tí ṣáàjì +20 nC wà lára rẹ̀. Ní 4 cm láti àárín, bọ́ọ̀lù àfọkànyà wa kò ká ṣáàjì kankan mọ́, òdo ni. Ní 9 cm, òdo ni. Ní ẹ̀bá ara rẹ̀ lóde, 9 lọ́nà 20 jẹ́ 180, 0.1 lọ́nà 0.1 jẹ́ 0.01, pápá ibẹ̀ sì jẹ́ 18,000 N/C. Ní 30 cm, 180 tí a fi 0.09 pín jẹ́ 2,000 N/C. Ṣe àkíyèsí pé láti òdo ni ó ti fò lẹ́ẹ̀kan náà dé 18,000, kò gba àárín kọjá. Àti pé ẹni tó dúró lóde kò lè mọ̀ bóyá ìkarahun ni ó ń wò tàbí ṣáàjì kan ṣoṣo tí ó kó ara rẹ̀ jọ sí àárín. Èyí tó rọrùn nìyẹn. Ohun tó wà lẹ́yìn ẹ̀fà ju èje lọ.

Fi ìkarahun méjì sínú ara wọn, kí ọ̀kan náà jẹ́ àárín wọn. Ti inú fẹ́lẹ́, rédíọ́ọ̀sì rẹ̀ jẹ́ 5 cm, ó sì ní +6 nC. Ti ìta nípọn: ojú inú rẹ̀ wà ní 10 cm, ojú ìta rẹ̀ wà ní 12 cm, àpapọ̀ ṣáàjì rẹ̀ sì jẹ́ −10 nC. Akẹ́kọ̀ọ́ tí ó bá kánjú yóò gbé −10 lé ojú ìta, yóò sì máa lọ. Má ṣe bẹ́ẹ̀. Ya bọ́ọ̀lù rẹ gba inú ara irin tó nípọn yẹn, ní 11 cm. Irin ni ibẹ̀, pápá rẹ̀ òdo ni. Bí pápá bá sì jẹ́ òdo káàkiri ara bọ́ọ̀lù náà, àpapọ̀ ṣáàjì inú rẹ̀ gbọ́dọ̀ jẹ́ òdo. Ṣùgbọ́n +6 ti wà níbẹ̀ lára ìkarahun kékeré. Nítorí náà, −6 gbọ́dọ̀ wà lójú inú ìkarahun ńlá, kí ó lè pa á rẹ́. Kí ni ó wá kù fún ojú ìta? Àpapọ̀ jẹ́ −10. −6 ti jókòó sínú. −4 ni ó kù. A kò tíì kọ fọ́múlà kankan, iṣẹ́ sì ti fẹ́rẹ̀ẹ́ parí.

Ní 3 cm, kò sí ṣáàjì nínú bọ́ọ̀lù wa: òdo. Ní 6 cm, +6 nìkan ni ó wà nínú rẹ̀: 54 tí a fi 0.0036 pín, 15,000 N/C, ó kọrí síta. Ní 11 cm, òdo. Ní 20 cm, +6 àti −10 ni ó wà nínú, àpapọ̀ −4: 36 tí a fi 0.04 pín, 900 N/C, ó kọrí wọlé. Wò ó pé pápá yí ojú padà láàárín 6 cm àti 20 cm, láìsí pé ẹnikẹ́ni tì í. Irin ìkarahun ńlá ni ó dúró láàárín tí ó pín wọn níyà.

Àwọn olùdánwò kì í fi í sílẹ̀ bẹ́ẹ̀. Wọn a ní: bí a bá fi wáyà so ìkarahun kékeré mọ́ ńlá ńkọ́? Wáyà ti sọ méjèèjì di irin kan ṣoṣo, ṣáàjì inú kò sì ní ìdí láti dúró mọ́. Ilé ni a ti ń kó ẹ̀ṣọ́ ròde. Gbogbo rẹ̀ yóò jáde sí ojú ìta, +6 àti −10 yóò di −4, ibi gbogbo nínú yóò sì di òdo. Ní 20 cm, 900 N/C náà ṣì ni. Ará ìta kò mọ̀ pé nǹkan kan ṣẹlẹ̀.

Bí a bá sì fi wáyà ẹ́ẹ̀tì, gẹ́gẹ́ bí àwọn oníná ti ń pè é, so ìkarahun ńlá mọ́ ilẹ̀ ńkọ́? −4 tó wà lójú ìta yóò sá lọ sílẹ̀, pápá ìta yóò sì di òdo. Ṣùgbọ́n −6 tó wà lójú inú kò lè lọ: +6 tó wà lára ìkarahun kékeré ni ó dì í mú. Pápá tí ó wà ní 6 cm kò yí padà, 15,000 N/C ni síbẹ̀.

Èyí tí ó ń ṣi ọ̀pọ̀ lọ́nà, tí mo sì fẹ́ kí a fara balẹ̀ lé lórí, ni kí a lu ihò kékeré sára ìkarahun ńlá, kí a gba ibẹ̀ fi wáyà ẹ́ẹ̀tì so ìkarahun kékeré mọ́ ilẹ̀, láìjẹ́ kí wáyà náà kan ìkarahun ńlá. Kíá ni wọn ó kọ ọ́ pé ṣáàjì ìkarahun kékeré ti di òdo. Rárá. Ilẹ̀ kì í gba gbogbo ṣáàjì lọ́wọ́ ẹni. Fóòtéèjì, ìyẹn iṣẹ́ tí ó gbà láti gbé kúlọ́ọ̀mù kan láti ọ̀nà jíjìn dé ibẹ̀, tí a ń fi fóòtì wọ̀n, ni ilẹ̀ ń sọ di òdo. Nígbà tó sì jẹ́ pé ìkarahun ńlá, pẹ̀lú ṣáàjì alámì àyọkúrò rẹ̀, yí kékeré ká, tí ó sì ń fa fóòtéèjì rẹ̀ wálẹ̀, ìkarahun kékeré gbọ́dọ̀ di ṣáàjì alámì àròpọ̀ díẹ̀ mú kí fóòtéèjì tirẹ̀ tó lè pé òdo.

Ẹ jẹ́ kí a pe ohun tí ó kù lára rẹ̀ ní q. Nígbà náà, ojú inú ìkarahun ńlá yóò ní −q, ojú ìta rẹ̀ yóò sì ní q − 10, nítorí pé àpapọ̀ rẹ̀ kò yí padà. Ṣáàjì tó tẹ́ yí bọ́ọ̀lù ká a máa fún ara bọ́ọ̀lù náà àti gbogbo inú rẹ̀ ní fóòtéèjì kan náà, èyí tí í ṣe k lọ́nà ṣáàjì tí a fi rédíọ́ọ̀sì pín. A ó ro mẹ́ta pọ̀ fún ìkarahun kékeré, k yóò sì kúrò nínú rẹ̀:

q/5 − q/10 + (q − 10)/12 = 0

Fi 60 lu gbogbo rẹ̀: 12q − 6q + 5q − 50 = 0. A jẹ́ pé 11q jẹ́ 50, q sì jẹ́ nǹkan bí 4.55 nC. Nínú 6 tí ó ní, nǹkan bí 1.45 ni ó lọ sílẹ̀. Ojú inú ìkarahun ńlá wá ní −4.55, ojú ìta −5.45. Ní 6 cm, pápá ti dín kù láti 15,000 sí nǹkan bí 11,360 N/C. Ní 20 cm ó ti lé láti 900 sí nǹkan bí 1,230 N/C, ó kọrí wọlé. A fi wáyà kan inú, òde sì ni pápá ti le sí i. Bí o bá ka ìpínrọ̀ yìí tí kò yé ọ, tún un kà, kí o sì ya àwòrán rẹ̀. Abèèrè kì í ṣìnà, ìwé tí a tún kà kì í sì í bínú.

Má ṣe rò pé orí bébà nìkan ni nǹkan wọ̀nyí mọ. Ní 1929, Robert Van de Graaff ṣe ẹ̀rọ kan ní Princeton tí bẹ́líìtì fi ń gbé ṣáàjì wọ inú bọ́ọ̀lù irin. Nítorí pé inú ni a ti tú u sílẹ̀, òde ni gbogbo rẹ̀ ń lọ, bí ó ti wù kí òde ti kún tó, bẹ́líìtì sì lè máa gbé òmíràn wá. Nítòsí wa, ní Ilé-Ifẹ̀, ní ìpínlẹ̀ Ọ̀ṣun kan náà pẹ̀lú Ẹdẹ, Centre for Energy Research and Development ti Yunifásítì Ọbáfẹ́mi Awólọ́wọ̀ ní Pelletron kan, àbúrò ẹ̀rọ Van de Graaff, tí ó lè dé 1.7 mílíọ̀nù fóòtì; dípò bẹ́líìtì, ẹ̀wọ̀n tí a fi irin kéékèèké àti ọ̀rá so pọ̀ ni ó ń gbé ṣáàjì. Wọ́n ń fi ẹ̀rọ náà mú kí átọ́ọ̀mù tó ní ṣáàjì sáré lu ohun tí wọ́n fẹ́ yẹ̀ wò, kí wọ́n lè mọ ohun tó wà nínú rẹ̀, ì báà jẹ́ erùpẹ̀ tàbí eruku afẹ́fẹ́.

Irin tó gba ṣáàjì yìí wà nínú táńkì irin ńlá tí a so mọ́ ilẹ̀. Ìkarahun nínú ìkarahun tí a fi ẹ́ẹ̀tì sí ni, gẹ́gẹ́ bí èyí tí a ṣírò lókè, bí ó tilẹ̀ jẹ́ pé gígùn ni wọ́n, wọn kì í ṣe roboto gédégédé. Nítorí ẹ́ẹ̀tì ni òṣìṣẹ́ fi lè dúró ti táńkì náà. Afẹ́fẹ́ lásán kò lè fara da ju nǹkan bí 3 mílíọ̀nù N/C lọ kí ó tó tanná. Bọ́ọ̀lù tí ó bá fẹ́ dé 1.7 mílíọ̀nù fóòtì ní gbangba gbọ́dọ̀ ní rédíọ́ọ̀sì tó ju 56 cm lọ, ká má tíì sọ ti ojú rẹ̀ tí kò dán. Bí a bá sì ti fi táńkì yí i ká, pápá ara rẹ̀ tún ń le sí i, nítorí ilẹ̀ ti sún mọ́ ọn. Fún bọ́ọ̀lù nínú táńkì roboto, ìwọ̀n tí pápá fi ń kéré jù lọ ni kí rédíọ́ọ̀sì bọ́ọ̀lù jẹ́ ìdajì ti táńkì. Bí rédíọ́ọ̀sì táńkì bá jẹ́ mítà 1, síbẹ̀ pápá ara bọ́ọ̀lù yóò jẹ́ 6.8 mílíọ̀nù N/C. Afẹ́fẹ́ yóò ti ya ṣáájú. Ìdí nìyẹn tí wọ́n fi ń tẹ gáàsì sọ́fúrù hẹ́sàfúlóráìdì, tó ń fara da pápá ju afẹ́fẹ́ lọ, sínú irú táńkì bẹ́ẹ̀.

Ìkìlọ̀ kan kí n tó fún ọ ní iṣẹ́ àṣetiléwá. Gbogbo ohun tí a fi E = 9Q ÷ r² ṣe dúró lórí pé nǹkan rí roboto, tí àárín sì jẹ́ ọ̀kan. Bí ṣáàjì kékeré kan bá wà nínú ihò ìkarahun, ṣùgbọ́n tí kò sí ní àárín, ṣáàjì ojú inú yóò kó ara rẹ̀ jọ sí ẹ̀gbẹ́ tí ó sún mọ́ ọn, pápá inú ihò kò sì ní ṣeé fi ìlà kan wá mọ́. Ṣùgbọ́n ojú ìta kò rí i: irin tó wà láàárín, tí pápá rẹ̀ jẹ́ òdo, kò jẹ́ kí ìròyìn ibi tí ṣáàjì dúró sí kọjá, iye rẹ̀ nìkan ni ó ń jáde. Ṣáàjì ojú ìta yóò tẹ́ dọ́gba yíká.

Nítorí náà, mú ìkarahun kan tí ojú inú rẹ̀ wà ní 20 cm, tí ojú ìta rẹ̀ wà ní 25 cm, tí àpapọ̀ ṣáàjì tirẹ̀ jẹ́ òdo. Gbé ṣáàjì +5 nC sínú ihò rẹ̀, kí ó fi 7 cm yà kúrò ní àárín. Wá pápá ní 22 cm, ní 30 cm, àti ní ibì kan nínú ihò náà. Ìdáhùn ti àkọ́kọ́ ni òdo. Ti ìkejì ni 500 N/C, ó kọrí síta tààrà láti àárín ìkarahun, kì í ṣe láti ibi tí ṣáàjì náà wà. Ti ìkẹta, bí o bá ti kọ nọ́ńbà kankan sílẹ̀, pa á rẹ́: ọ̀nà tí a tọ̀ nínú orí yìí kò dé ibẹ̀, orí tó kàn ni a ó ti gbé e yẹ̀ wò.